Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ọ̀rọ̀ lórí Pèrègún, Orúrù àti Àwọn Ewéko Ọ̀ṣọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn olùta òdòdó, àwọn olùtọ́jú ọgbà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní Ìbàdàn)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà o. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn, tí àga ò kárí, ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin olùta òdòdó tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ létí títì lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ tí oníbàárà máa ń yà jù, ọjà á tà o, owó á wọlé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú iṣẹ́ ìwé.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni ẹ gbìn síwájú ilé yín? Ẹ má tijú, ẹ dárúkọ wọn. Mo gbọ́ bougainvillea. Mo gbọ́ ixora. Ìyá kan níwájú níbí ní masquerade, igi gogoro tí ewé rẹ̀ ń wọ́ bọ̀ nílẹ̀. Mo gbọ́ croton. Mo gbọ́ flamboyant. Royal palm ńkọ́? Wọ́n ní ó wà. Ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti wá. Bougainvillea, ará Brazil ni. Ixora àti masquerade, ará Íńdíà àti Sri Lanka ni wọ́n. Croton wá láti àwọn erékùṣù Indonesia lọ́hùn-ún. Flamboyant, Madagascar ni ilé rẹ̀. Royal palm, ará Cuba àti agbègbè rẹ̀ ni. Nínú gbogbo èyí tí ẹ dárúkọ, ọmọ ilẹ̀ wa dà? Ẹnìkan ò dárúkọ pèrègún. Ẹnìkan ò dárúkọ akòko. Orúrù, kò tilẹ̀ wá sí ẹnìkan lọ́kàn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò wá bú àlejò. Bougainvillea wà nílé tèmi náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ni mo wá sọ, òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi yóò máa dá lé: àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn ewéko tí a fi sílẹ̀ fún ojúbọ àti ààlà oko, àwọn kan náà ni gbogbo ayé fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀. A ní wọn, a mọ orúkọ wọn, a mọ ìwà wọn, síbẹ̀ à ń hú wọn dànù.

Ọ̀rọ̀ kìíní: pèrègún

Ta ni kò mọ pèrègún nínú wa? Bí ẹ bá ń lọ nínú igbó, tí ẹ rí pèrègún tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ti kan ibẹ̀. Ó lè jẹ́ ààlà oko. Ó lè jẹ́ ojúbọ. Ó sì lè jẹ́ pé ilé kan wà níbẹ̀ rí. Ògiri alámọ̀ á wó, òjò á fọ̀ ọ́ lọ, àwọn ọmọ ilé á tú ká, pèrègún á ṣì dúró síbi tí bàbá wọn gbìn ín sí. Ẹ lọ sí ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ orúkọ pèrègún lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Àwọn awọnlẹ̀ pàápàá máa ń yà á sínú ìwé ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ààlà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pèrègún? Ṣebí igi pọ̀ nínú igbó? Ẹ wo ìwà rẹ̀. Gé ọ̀pá rẹ̀ kan, tì í bọ ilẹ̀ nígbà òjò, ó hù nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn á dé, koríko á gbẹ, ewé igi mìíràn á wọ́ dànù, pèrègún á tutù minimini. Igi rẹ̀ rọ̀, kò ṣe é dáná, aṣẹ́gità kì í yà sí i. Ó ń ga lọ sókè ni, kì í fẹ̀ jẹ ilẹ̀ aládùúgbò. Ẹni tó kọ́kọ́ fi í ṣe ààlà mọ̀ ọ́n dáadáa kó tó yàn án.

Ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wò ó. Ara ọ̀pá rẹ̀ ní òrùka òrùka láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ojú ibi tí ewé kan ti bọ́ ni òrùka kọ̀ọ̀kan. Ti ìsàlẹ̀ ń gbẹ, ó ń já, tuntun ń yọ lókè, òrùka ń lé sí i. Iṣan ara ewé rẹ̀ nà gbọọrọ láti ìdí dé ṣóńṣó, bí ti àgbàdo àti ọ̀pẹ, nítorí pé àwọn ló bá tan, kò bá ìrókò tan. Bí ibi bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè ga tó mítà 15, ewé rẹ̀ kan sì lè gùn ju mítà kan lọ.

Òdòdó rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì rí i rí, nítorí a kì í dúró wò ó. Tí ó bá ṣì padé, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Tí ó bá là, funfun ni. Ìrọ̀lẹ́ ló ń là. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú ni òórùn dídùn rẹ̀ ń jáde, ó á gba gbogbo àgbàlá kan. Ẹni tí pèrègún rẹ̀ tanná lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá á mọ̀ lóru láìtan iná.

Ní ọdún 1762, Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ fún àwọn ará Yúróòpù. Lónìí Dracaena fragrans ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Ilẹ̀ tó ti ń hù fẹ̀ gan-an: láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níhìn-ín títí dé Ethiopia, ó sọ̀ kalẹ̀ dé Mozambique àti Angola. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé níbi tó jìnnà sí wa gan-an, àwọn ẹlòmíràn náà rí ohun tí àwọn baba wa rí. Àwọn Chagga, tí wọ́n ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè Kilimanjaro ní Tanzania, ń pè é ní masale. Wọ́n ń fi í pààlà oko, wọ́n ń gbìn ín sí ibojì, bí ẹnìkan bá sì ṣẹ ẹnìkejì, ewé masale ló máa mú dání lọ tọrọ àforíjì. Ta ló kọ́ ta nínú àwa àti àwọn? Igi náà ló fi ìwà rẹ̀ kọ́ gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e lọ sí òkè òkun. Ní Amẹ́ríkà, corn plant ni wọ́n ń pè é. Ó wà ní bánkì, ó wà ní òtẹ́ẹ̀lì, ó wà ní ọ́fíìsì dókítà. Èyí tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni èyí tí ìlà àwọ̀ ìyeyè gba àárín ewé rẹ̀ kọjá. Ẹ sì mọ ibi tí wọ́n ti ń dá oko rẹ̀? Costa Rica ni, ní Amẹ́ríkà Àárín. Wọ́n á gé ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà àti Netherlands, wọ́n á to ọ̀pá mẹ́ta, kúkúrú, àárín àti gíga, sínú ìkòkò kan, ó di ọjà. Ọmọ Áfíríkà ni igi náà, a sì ń rà á padà lọ́wọ́ wọn.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ra ilẹ̀. Pèrègún wà ní igun ilẹ̀ náà gbogbo. Ó ní igi òrìṣà ni, òun ò lè bá a gbé. Ó ní kí wọ́n hú u, kí wọ́n sì dáná sun ún. Nígbà tí ilé parí, a lọ kí i kú ilé tuntun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀, ìkòkò funfun kan wà níbẹ̀, ọ̀pá mẹ́ta dúró nínú rẹ̀, ewé ti bò wọ́n lórí. Mo béèrè pé kí ni èyí. Ó ní dracaena ni, pé owó ńlá lòun fi rà á. Mo ní pèrègún ni. Kò kọ́kọ́ gbà, àfi ìgbà tí mo fi òrùka ara ọ̀pá náà hàn án. Mi ò sọ èyí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, èèyàn dáadáa ni, ọ̀rẹ́ mi sì ni títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ fẹ́ mọ odi, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ààlà gbà mọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹjọ́.

Mo mọ̀ pé onígbàgbọ́ wà níbí, mùsùlùmí wà níbí, oníṣẹ̀ṣe náà wà níbí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ ohun tí kò bọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé igi kò ṣẹ̀ wá. Ẹni tó bá lè fi lílì àti igi kérésì ṣe ọ̀ṣọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí ohun tó burú bó bá fi pèrègún ṣe ọ̀ṣọ́ sí àgbàlá rẹ̀.

Ibòmíràn tún wà tí ó yẹ kí n mú yín dé kí n tó fi pèrègún sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, wọn ò mú ẹrù kankan dání, ṣùgbọ́n wọ́n mú orúkọ ewé lọ. Nínú àwọn ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Bahia, peregun ni wọ́n ń pè é títí dòní, ewé Ògún ni wọ́n sì kà á sí. Ewéko wa kejì tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ níbẹ̀ ni ojá ìkookò, èyí tí ewé rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ó ní àmì tútù àti eérú ní ìbú. Ewéko náà ń hù láti ilẹ̀ Nàìjíríà títí dé Kóńgò. Ní Rio de Janeiro, níbi tí wọ́n ti so Ògún pọ̀ mọ́ São Jorge, ẹni mímọ́ tó gun ẹṣin jagun, wọ́n ń pè é ní idà São Jorge, àwọn mìíràn ní idà Ògún. Èyí tí etí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, idà Santa Bárbara ni, ti Ọya nìyẹn. Ẹ ó rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ibi má baà wọlé. Àwọn ará ibẹ̀ gbìn ín nítorí pé ó dára lójú, wọ́n sì gbìn ín nítorí pé ó ń ṣọ́lé. Wọn ò ya méjèèjì nípa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa náà ṣe ń gbin nǹkan.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹsẹ̀ tí ewéko fi ń rìn

Ẹnìkan lè béèrè pé, báwo ni ewéko Brazil ṣe dé Ìbàdàn? Igi ò lẹ́sẹ̀. Èèyàn ló ń gbé e, inú ìtàn àwọn tó gbé e sì ni ọ̀pọ̀ nǹkan wà.

Ẹ mú bougainvillea. Láàárín ọdún 1766 sí 1769, ọkọ̀ ojú omi Faransé méjì yí ayé ká. Louis Antoine de Bougainville ni ọ̀gá wọn. Onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Philibert Commerson wà pẹ̀lú wọn, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bá a ru àpò, tó ń bá a gun òkè, tó ń bá a tẹ ewé gbẹ sínú ìwé. Ọdún 1767 ni wọ́n dé Rio de Janeiro, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún yìí. Wọ́n fi orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ pè é. Ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ńkọ́? Obìnrin ni. Jeanne Baret ni orúkọ rẹ̀. Òfin kò gba obìnrin nínú ọkọ̀ ogun ọba, ló bá wọ aṣọ ọkùnrin. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó yí gbogbo ayé ká. Ní ọdún 1785, ìjọba Faransé fún un lówó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ewéko tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ó di ọdún 2012 kí wọ́n tó fi í sọ ọ̀kan, ewéko kan ní Ecuador àti Peru tó bá ìgbá àti tòmátì tan. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń gbin òdòdó ní ìlú yìí, ẹ rántí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé bougainvillea.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Èyí tó pupa lára bougainvillea, ewé ni. Òdòdó gan-an ni àwọn kékeré funfun mẹ́ta tó wà láàárín. Ẹ tú u wò nílé.

Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá kó ewéko tútù sínú ọkọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń kú sójú òkun. Iyọ̀ á pa á, afẹ́fẹ́ á pa á, omi mímu kì í sì í tó èèyàn, ká tó sọ pé a ó bu fún ewé. Dókítà kan ní London, Nathaniel Ward, ló tú okùn yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1829, ó fi èérún ilẹ̀ sínú ìgò tó dé pa, kòkòrò ló fẹ́ tọ́jú síbẹ̀. Ó wò ó títí, ó rí i pé ewé kékeré ń hù nínú ìgò náà láìsí ẹni tó bomi rin ín. Omi tó ń gòkè lára ilẹ̀ náà ló tún ń kán padà sí i. Ó ní kí wọ́n kan àpótí onígíláàsì lórí ìlànà yẹn. Ọdún 1833 ni wọ́n kó irú àpótí bẹ́ẹ̀ lọ sí Sydney ní Australia, ewé inú rẹ̀ sì dé láàyè. Láti ìgbà náà ni ewéko ti ń rìn káàkiri ayé bó ṣe wu àwọn tó ní ọkọ̀. Ní ọdún 1887, lábẹ́ gómìnà Alfred Moloney, ìjọba dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tà ní Èkó. Irúgbìn tó ń mówó wọlé ló jẹ wọ́n lógún jù níbẹ̀, kòkó, rọ́bà, kọfí. Lẹ́yìn náà ni GRA, àdúgbò àwọn òyìnbó ìjọba, dé pẹ̀lú flamboyant ní ojú títì, tí àwa náà wá rò pé bí a ṣe ń mọ ilé ọlọ́lá nìyẹn.

Bí àlejò bá pẹ́ láàárín wa, ó lè di ọmọ ilé. Ṣebí ẹ mọ àbámodá? Ewé tí à ń fi wúre kí àbá tí a dá lè ṣẹ. Já ewé rẹ̀ kan, jù ú sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, má tọ́jú rẹ̀. Láìpẹ́, ẹ ó rí i pé ọmọ kéékèèké ń yọ ní etí ewé náà, ọ̀kan nínú ihò yìí, ọ̀kan nínú ihò tọ̀hún, kálukú pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀ tó tín-ín-rín. Mo lè jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Akéwì ńlá Jámánì nnì, Goethe, fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, títí dòní àwọn ará Jámánì ń fi orúkọ Goethe pè é. Ará Madagascar ni àbámodá, bíi flamboyant. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún babaláwo pé àbámodá kì í ṣe ewé Yorùbá? Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Ọ̀rọ̀ kẹta: òdòdó tó ti ilé dára, tó dé òde di wàhálà

Ibí yìí gba sùúrù díẹ̀, ẹ̀yin olùta òdòdó, nítorí ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọdún 1786, ọkùnrin Faransé kan, Palisot de Beauvois, dé ilẹ̀ Warri, tí wọ́n ń pè ní Oware nígbà náà, ó sì rìn dé Benin. Ibà bá a jà gan-an, ṣùgbọ́n ó kó ewé jọ. Nínú ìwé tó fi ṣàlàyé àwọn ewéko wọ̀nyí ni ó ti kọ nípa orúrù ní ọdún 1805. Ó kọ nípa akòko náà, ẹbí kan náà sì ni akòko àti orúrù, pẹ̀lú pàndòrò. Òdòdó kan tó rí nínú igbó Oware wú u lórí débi pé ó fi orúkọ Napoleon, olú-ọba wọn, pè é.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lábúlé, ẹ ti fi orúrù ṣeré rí. Tí òdòdó rẹ̀ bá ṣì padé, omi ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọkùnrin á já a, ẹ ó fún un, omi á tú sí ọmọ ẹlòmíràn lójú. Tí ó bá wá là, pupa fòò, etí rẹ̀ ní ìyeyè, ní orí igi gíga, láàárín igbó tútù. Mi ò mọ igi tó tún dára jù ú lọ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn òyìnbó gbé e lọ sí Hawaii, sí Fiji, sí Puerto Rico, sí Australia, nítorí ẹwà yìí. Èso rẹ̀ fúyẹ́, ó ní ìyẹ́ tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ sí ibi tó bá wù ú. Lónìí, orúrù wà lára ewéko àti ẹranko 100 tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó àti omi, kà sí àlejò tó burú jù lọ lágbàáyé. Ní ìpínlẹ̀ Queensland ní Australia, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà á tàbí kí ó fi tọrẹ. Ní Puerto Rico, ó gba oko tí àwọn àgbẹ̀ ti fi sílẹ̀, ó sì wà lára igi tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan lára àwọn onímọ̀ igbó ibẹ̀ tilẹ̀ ní ó ṣe wọ́n lóore, pé abẹ́ ibòji rẹ̀ ni igi ìbílẹ̀ tún ti ń hù padà lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Àmọ́ ní erékùṣù tó kù, ariwo ni wọ́n ń pa.

Ṣé orúrù yí ìwà padà lójú ọ̀nà ni? Rárá o. Nílé níbí, kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ wà, àrùn tó ń bá a fínra wà, igi tí wọ́n jọ ń du oòrùn wà. Nígbà tí ó dé ibi tí kò ti bá wọn, ta ló máa dá a dúró?

Ẹ jẹ́ ká yí i padà báyìí. Ewéko orí omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ó rẹwà púpọ̀. Ọmọ odò Amazon ni. Nítorí òdòdó yẹn ni wọ́n fi ń gbé e kiri sínú adágún ọgbà. Ní ọdún 1984, ó gba odò láti ìhà Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin wọ Àgbádárìgì, ó sì ti ibẹ̀ tàn dé ọ̀sà Èkó. Bí omi bá gbà á, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó lè di ìlọ́po méjì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja. Ọkọ̀ wọn há, àwọ̀n wọn ya, ẹja ò rí afẹ́fẹ́ mí lábẹ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ti kọjá, a ò tíì rí i yọ kúrò. Ewéko ọ̀ṣọ́ ni o! Ẹni tó kọ́kọ́ gbé e kúrò ní Amazon kò ní ibi lọ́kàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kó irúgbìn wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó tà á, ẹ béèrè pé báwo ló ṣe ń tàn. Ṣé afẹ́fẹ́ ló ń gbé èso rẹ̀ ni? Ṣé ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́? Ṣé omi ló ń gbé e? Bí ó bá jẹ́ orí omi ló ń léfòó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dé ẹ̀bá odò.

Ọ̀rọ̀ tó kù: lórí ọjà yín

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wo aago. Díẹ̀ ló kù.

Ojá ìkookò ti di ọjà gidi ní Èkó àti Ìbàdàn. Mo ń rí i lórí Instagram pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá nìyí: ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ NASA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí òfurufú, gbé ewéko sínú àpótí tí wọ́n dí pa, wọ́n sì rí i pé ó ń fa àwọn afẹ́fẹ́ olóró kan kúrò nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n yàrá wa kì í ṣe àpótí tí wọ́n dí pa. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà kó gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n ní kó tó lè ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé ṣíṣí ń ṣe, èèyàn máa nílò ìkòkò 10 sí 1000 lórí mítà onígun mẹ́rin ilẹ̀ yàrá kan. Ta ló máa rí àyè jókòó? Ẹ má fi irọ́ tà á. Òótọ́ tó wà lára rẹ̀ tó tà á: ọ̀sán ló ń pa ihò ara rẹ̀ dé kí omi má baà lọ, òru ló ń ṣí i, ìyẹn ló fi lè pẹ́ kí ẹ tó bomi rin ín láìkú. Oníbàárà tó máa ń rìnrìn àjò á rà á nítorí ìyẹn nìkan.

Èyí tí etí rẹ̀ ní ìyeyè, tó wọ́n jù, ẹ má gé ewé rẹ̀ gbìn. Ó máa hù, ṣùgbọ́n ìyeyè náà kò ní bá a hù, tútù lásán ni yóò yọ. Ẹ hú u, ẹ pín in láti ìdí, ọmọ rẹ̀ á jọ ìyá rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi ewé gbin odidi bẹ́ẹ̀dì kan, tó sì ń dá ajílẹ̀ lẹ́bi.

Akòko ńkọ́? Igi tí a ń fi ewé rẹ̀ jẹ oyè, òdòdó rẹ̀ àlùkò, igi rẹ̀ tò ṣánṣán, kò gba àyè. Bí ilé bá fún mọ́ fẹ́ǹsì, akòko ló yẹ ibẹ̀, kì í ṣe igi tí gbòǹgbò rẹ̀ máa gbé ògiri. Ọ̀pá rẹ̀ náà ń hù bí a bá tì í bọlẹ̀. Mo ti béèrè akòko ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta òdòdó ní ìlú yìí, wọn ò ní in. Ẹ jọ̀wọ́, ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ gbé akòko sínú ọ̀rá dúdú kí ẹ tò ó sí iwájú níbi tí ẹ to royal palm sí. Kí ẹ kọ orúkọ Yorùbá rẹ̀ sí i lára, gàdàgbà. Bákan náà ni pèrègún. Ẹ má kọ dracaena nìkan. Ẹ kọ pèrègún.

Mo kó ọ̀pá pèrègún wá. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà nínú garawa omi, kí kálukú mú ọ̀kan. Bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì ni mo gé gígùn wọn sí. Mo fi ẹfun sàmì sí orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má baà dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ tì í sínú iyẹ̀pẹ̀ tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, kó wọlé tó ìka mẹ́ta, kí ẹ gbé e síbi tí oòrùn ọ̀sán kò ti ní pa á. Ẹ má bomi rin ín lójoojúmọ́, ìdí rẹ̀ á rà. Bí ajá tàbí ológbò bá wà nílé, ẹ gbé e sókè, nítorí ewé rẹ̀ lè ṣe wọ́n ní jàm̀bá bí wọ́n bá jẹ ẹ́. Àwọn tó ń mọ ilé lọ́wọ́, kí ẹ mú mẹ́rin, ti igun ilẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bọ́ síwájú kí gbogbo wa lè gbọ́. Ẹ ṣeun o.